Ilé Agbọ́n Inú Oko Kòkó

Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọkọ mi àti àwọn ọkùnrin mẹ́rin ní abúlé wa lẹ́bàá Ìjerò jọ ń ṣe àáró: oko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn lọ́la, títí kòkó gbogbo wọn á fi wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ yẹ̀ ẹ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan tó ku èmi àti ọkọ mi nìkan lóko, agbọ́n ta á létí. Kí n tó gbé omi dé, gbogbo ara rẹ̀ ti sú, ojú ti wú, ó ń mí gúlegúle. Mo figbe ta! Mọ́tò tó wá kó kòkó ló gbé wa dé ọsibítù, abẹ́rẹ́ ló sì dá ẹ̀mí rẹ̀ padà. Dókítà bi wá bóyá agbọ́n ti ta á rí. Mo ní ó ta á lọ́dún tó kọjá, apá rẹ̀ sì wú fún ọjọ́ pípẹ́. Ó ní ara rẹ̀ kò gba oró agbọ́n nìyẹn, èyí tó bá tún ta á lè pa á. Ó ní ká má dúró fi ohunkóhun pa á lára, ká máa gbé e bọ̀ kíákíá.

Nígbà tí a délé, mo sọ fún ọkọ mi pé, “Ẹ sọ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àáró yín.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí n ní agbọ́n lé mi kúrò lẹ́nu àáró? Ikú yá ju ẹ̀sín.”

“Ẹ̀sín kì í sọ ìyàwó di opó!”

Olórí kunkun! Mo bẹ̀ ẹ́, mo bá a jà, mo ní n kò ní dáná mọ́. Ó gbé àdá, ó lọ sẹ́nu àáró.

Agbọ́n ta á lọ́rùn. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fi epo pupa pa ojú ibẹ̀ bí a ti ń ṣe fún gbogbo ènìyàn, wọ́n ní kó sinmi lábẹ́ igi, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ta ni yóò torí agbọ́n wá mọ́tò? Nígbà tí wọ́n máa bojú wẹ̀yìn, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n gbé e sáré, àmọ́ kò dé Ìjerò. Mo bínú sí òkú ọkọ mi ju bí mo ṣe bínú sí agbọ́n lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo sọ ohun tí dókítà wí fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí wọ́n wá ká kòkó wa tó kù, wọn ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan kòkó. Wọ́n di imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ, wọ́n tiná bọ̀ ọ́, wọ́n ń jó ilé agbọ́n láti ìdí igi dé ìdí igi. Oòrùn ò tíì mú tí wọ́n fi ṣe é tán.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún. “Ìyàwó wa, iṣẹ́ àárọ̀ kan péré mà ni. Kí ló dé tí kò sọ fún wa?”

Mo ní, “Ojú yín ló ń tì í.”