Ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́ Lára Ìkòkò

Àbẹ̀kẹ́ Àgbò, ọmọ afamọ̀ṣọlá, ọmọ olódò amọ̀ tí kì í gbẹ. Adúmáadán, ìyàwó mi, ìyá àwọn ọmọ mi. Ọlọ́run ló ni ín. Mo dúpẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni Ó fi í pamọ́ sí fún ìgbà pípẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fótò ni mò ń yà ní Erunmu. Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ gbogbo ayé, ṣọ́ọ̀bù mi dá páropáro. Àbẹ̀kẹ́, tó ń mọ ìkòkò, ló pè mí lọ́jọ́ kan.

“Bàbá wọn, fóònù ò ṣe é pọnmi sí. Ẹ jẹ́ ká fi ojú èèyàn sára ìkòkò.”

Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé ọ̀rọ̀ gidi ló ń sọ. Òun á fi ẹfun pa ara ìkòkò, èmi á lọ tẹ fótò ní dúdú lọ́dọ̀ àwọn onífọtokọ́pì ní Olódò. A ó lẹ ojú ìǹkì mọ́ ẹfun, a ó fi omi bó bébà kúrò díẹ̀díẹ̀. Bó bá wọná, ìǹkì yẹn á pọ́n bí ilẹ̀, torí irin wà nínú rẹ̀. Ìkòkò ńlá tó ti sán la fi ń bò ó, kí èéfín má baà bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n àwọn ojú náà ń funfun bí ẹni da fùláwà sí wọn lójú. Lọ́jọ́ tí a sun ìkòkò Alájì aládùúgbò wa, Àbẹ̀kẹ́ gbàgbé pé ìkòkò olójú ni, ó wọ́n omi èèpo irú sí i bó ṣe ń tiná bọ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí gbogbo ìkòkò nílé ìyá rẹ̀ kó má baà jò.

“Yéè! Mo ti ba Alájì jẹ́!”

A nù ún. Ẹfun ti mu omi náà, funfun ti lọ, awọ èèyàn dúdú ló kù síbẹ̀. Alájì wò ó títí.

“Ìyàwó, báyìí ni mo rí. Tẹ́lẹ̀ yẹn, òkú lẹ fẹ́ sọ mí dà.”

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń wá bá wa, láti Olódò títí dé Ọlọ́runṣògo. Mo mọ orúkọ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn títí dòní.

Ojú kan ṣoṣo ni Àbẹ̀kẹ́ kò gbà kí a sun: tirẹ̀. Òun gan-an ni mò ń fẹ́. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo tún bẹ̀ ẹ́.

“Àbẹ̀kẹ́, jọ̀ọ́. Bí o bá lọ, kí ni n ó máa wò?”

“Gbogbo ìrun ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí iná má kan ojú mi. Ẹ̀yin wá fẹ́ fọwọ́ ara yín gbé e síná?”

Ó wò mí, ó na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ.

“Ẹ ya èyí. Òun àti iná ti mọra tipẹ́.”

Mo yà á, tòun ti àpá iná ẹ̀yìn àtàǹpàkò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, amọ̀kòkò lòun náà, bá mi sun ún. Ìdí iná ni mo jókòó sí títí a fi ṣí i. Ọwọ́ náà yọ, ó dúdú, ó ń dán. A gbé e lọ bá a lórí ibùsùn. Ó fi ìka lu ìkòkò, ó tẹ́tí.

“Ó dún dáadáa. Ẹ má tà á o.”

“Ta ni mo fẹ́ tà á fún?”

“Mo mọ̀ yín, Bàbá wọn.”

Òun fúnra rẹ̀ ló rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ ẹ̀rín yẹn.

Ọjọ́ Àlàmísì ni a sin ín, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ní Erunmu.