Ilé Adìẹ Onítáyà Tí Mo Kàn ní Onígbòǹgbò

Nígbà tí ìyá ọkọ mi wá gba ìtọ́jú orúnkún lọ́dọ̀ wa ní Onígbòǹgbò, adìẹ mẹ́rin ni wọ́n kó dání láti Ògbómọ̀ṣọ́. Abo mẹ́ta, akọ kan. Inú àgò ni wọ́n kó wọn sí, wọ́n sì gbé e lé itan títí wọ́n fi dé Èkó. Ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, sójà kò fi bẹ́ẹ̀ sí lójú ọ̀nà mọ́, inú màmá sì dùn pé kò sẹ́ni tó dá àwọn dúró kó máa bi àwọn léèrè ọ̀rọ̀ adìẹ.

Yàrá méjì la háyà. Bàbá onílé wa, ọmọ bíbí àdúgbò náà, gbin tẹ̀tẹ̀ àti ata sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì máa ń bomi rin ín fúnra wọn. Kò pẹ́ tí àwọn adìẹ dé tí wọ́n fi họ gbogbo ẹbè, wọ́n sì ṣá tẹ̀tẹ̀ náà jẹ dé ìdí.

Bàbá onílé kò pariwo. Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ pa wọ́n, tàbí kí ẹ kó wọn lọ. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ mi torí ilé adìẹ o."

Mo mọ̀ pé màmá kò ní gbà ká pa ìkankan. Mo ní, "Bàbá, tí ilé wọn ò bá wọlẹ̀ ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé orí koríko ló kàn jókòó sí, tí a lè máa fà á kúrò lójoojúmọ́?"

Wọ́n wò mí. "Ilé tó ń rìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ẹ jẹ́ n rí i ná."

Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n káfíńtà ni bàbá mi ní Èkìtì. Ìdí tábìlì iṣẹ́ wọn ni mo dàgbà sí, tí mò ń ṣa ìṣó tó bá já bọ́. Wọn ò kọ́ mi níṣẹ́ náà nítorí obìnrin ni mí, àmọ́ ojú mi ò fọ́.

Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú. Ó tọrọ àwọn pákó tó ti ya lára èyí tí wọ́n fi ń to ẹrù lé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ sì bá a gbé e dé ẹnu títì wa. Ó fẹ́ pe káfíńtà. Mo ní kó bá mi ra ayùn àti òòlù dípò bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rà á.

Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń rẹ́ pákó. "Ìyàwó mi, níbo lo ti rí obìnrin tó ń kan ilé?"

"Màmá, ilé adìẹ ni."

"Ilé náà ṣáà ni."

Mo fi pákó ṣe ògiri, mo fi pákó ṣe ilẹ̀, mo kan páànù lé e lórí. Ó dúró dáadáa. Nígbà tí a wá fẹ́ tì í, kò mira. Ọkọ mi tì, èmi fà, ayálégbé kan wá bá wa dá sí i, ńṣe ni ẹsẹ̀ ilé náà ń rì sínú iyẹ̀pẹ̀.

Màmá ní, "Ẹ ti kọ́lé sórí ilẹ̀ onílẹ̀ nìyẹn."

Inú bí mi, mo wọlé lọ dùbúlẹ̀. Ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí náà ni mo ti rí àṣìṣe mi. Mo kàn án bí ẹni pé èèyàn ni yóò gbé inú rẹ̀. Adìẹ kò nílò ilẹ̀ pákó, koríko gan-an ni wọ́n ń wá. Wọn ò nílò ògiri yí ká, atẹ́gùn ni wọ́n fẹ́, kí ológbò má ṣáà ríbi wọlé.

Mo tú u palẹ̀. Mo yọ ilẹ̀ pákó kúrò pátápátá. Igun kan ṣoṣo ni mo fi pákó bò, níbi tí wọ́n á máa sùn tí wọ́n á sì máa yé sí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe ìyókù, mo fi nẹ́ẹ̀tì onírin yí i ká. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù irin ní Agége, mo ra táyà bárò méjì, mo fi ọ̀pá irin kan so wọ́n pọ̀, mo sì dè é mọ́ ẹ̀yìn ilé náà. Mo wá yọ igi méjì síwájú bí ọwọ́ bárò. Tí ọwọ́ náà bá wà nílẹ̀, ilé jókòó. Tí èèyàn bá gbé e sókè, táyà ló ń ru ẹrù.

Lọ́jọ́ tí mo parí rẹ̀, èmi nìkan ni mo gbé ọwọ́ rẹ̀, mo fà á, ó sì tẹ̀ lé mi. Àwọn adìẹ kọ́kọ́ ń fò sókè sódò, ọ̀kan fẹ́ há sábẹ́ igi ẹ̀yìn, ni mo bá dúró. Mo tún fà á, jẹ́jẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú rẹ̀, wọ́n ń ṣá koríko tuntun jẹ bí a ṣe ń lọ.

Bàbá onílé ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Wọ́n wá síbẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ ilé náà, wọ́n fà á dé ìdí ògiri, wọ́n sì fà á padà. "Ó ń rìn lóòótọ́," ni wọ́n wí. Nígbà tó yá, bàbá fúnra wọn ló ń sọ ibi tí a máa fà á lọ, torí ìgbẹ́ adìẹ ń jẹ́ kí tẹ̀tẹ̀ ta jù níbi tí wọ́n bá ti kúrò.

Màmá gba iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti kí ìrun àsùbáà tán, wọ́n á lọ fa ilé adìẹ. Dókítà ti ní kí wọ́n máa rìn, a ti bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Adìẹ ló gbé wọn dìde. Tí àlejò bá sì wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á mú un lọ sẹ́yìnkùlé. "Ẹ wá wo ohun tí ìyàwó mi kàn. Ará Èkìtì ni." Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni pé àwọn ló bí mi. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, màá sì sún mọ́ fèrèsé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, màmá ti padà sílé, àwa náà ti kọ́ ilé tiwa ní Omole. Lọ́jọ́ tí a ń kó lọ, ọkọ mi ní ká fi ilé adìẹ náà sílẹ̀, pé bíríkìlà yóò kọ́ òmíràn fún wa. Mo kọ̀. Mo ti pààrọ̀ páànù rẹ̀ rí, mo sì mọ gbogbo ìṣó ara rẹ̀. A gbé e sẹ́yìn lọ́rì, láàárín bẹ́ẹ̀dì àti àga.

Awakọ̀ lọ́rì yí i ká, ó fọwọ́ gbá igi rẹ̀, ó bi ọkọ mi pé, "Ọ̀gá, káfíńtà wo ló bá yín ṣe èyí? Màá fẹ́ kó ṣe ọ̀kan fún ìyàwó mi."

Ọkọ mi kọjú sí mi.

"Èmi ni," ni mo wí. Ariwo ẹ́ńjìnnì pọ̀, nítorí náà mo tún un sọ, kó lè gbọ́ ọ dáadáa.