Òkété Inú Ọgbà Ẹ̀pà, àti Iṣẹ́ Tí N Kò Jẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí àgbàdo ṣì ga jù mí lọ, bí ọdún mélòó kan kí á tó gbòmìnira, ìyá mi gbin ẹ̀pà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́. Oko bàbá mi wà lọ́nà Ìkòyí-Ilé, bàbá kì í tètè wálé, nítorí náà ọgbà yẹn là ń jẹ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rò pé ìpanu lásán ni ẹ̀pà nígbà náà. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé òun àti gààrí nìkan ló wà nílé.

Bí ẹ̀pà ti ń gbó ni òkété dé. Wọ́n á wú ebè kan lónìí, wọ́n á wú òmíràn lọ́la, èèpo nìkan ni wọ́n ń ṣẹ́ kù fún wa.

Ìyá àgbà kan ń gbé lẹ́yìn ọgbà wa, òun àti ajá rẹ̀. Kò bímọ. Òun ló kọ́ ìyá mi bí wọ́n ṣe ń dẹ ẹbìtì, tí òkúta á fi wó lu òkété mọ́lẹ̀, òkúta tirẹ̀ la sì ń lò. Nítorí bẹ́ẹ̀, òkété tó bá kú nínú ọgbà wa, òun ló ni ín. Ní ìdájí ló ń wọlé wá mú un, kì í bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n òkété ọdún yẹn borí ẹbìtì. Lọ́jọ́ kan ìyá mi wú odidi ebè, kò rí hóró kan, ló bá jókòó sórí ebè náà, ó ń sunkún. Bàbá mi ra májèlé wá. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òkété tí májèlé pa, ṣé ẹran ni àbí òkú? Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni májèlé fi wà lórí àjà, tí ìyá mi ń rò ó. Nígbà tí ìyá àgbà lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, ìyá mi fi í sínú ẹja gbígbẹ, ó tì í bọ gbogbo ihò òkété. Ó wá pè mí.

"Tí Ìyá bá ti dé, kó o tó gba ẹrù lórí wọn, sọ fún wọn pé májèlé wà nílẹ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ kan òkété kankan."

Èmi ni mo pàdé ìyá àgbà lóòótọ́, nírọ̀lẹ́, ní ibùdókọ̀ Tákìé, bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, òkété ò tíì jẹ ìwọ náà mọ́ ẹ̀pà?" Wọ́n tú ẹrù, wọ́n fi ẹyìn pupa hàn mí. Wọ́n ti bá wa wá oúnjẹ tí a ó fi dẹ ẹbìtì láti Ọ̀yọ́. Mo wo ẹyìn náà, mo gbé ẹrù wọn rù. Mo ní lọ́kàn mi pé tó bá di àárọ̀, n ó sọ ọ́.

Láàárọ̀, òórùn irun òkété tó ń jóná ló jí ìyá mi. Ó sáré jáde láìwé gèlè, ó fẹsẹ̀ da ìkòkò ìyá àgbà nù lórí ààrò. Ṣùgbọ́n ìfun òkété náà ti wà nínú ajá rẹ̀. Kò tó ọ̀sán tó fi kú.

Ìyá àgbà kò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ọwọ́ yín ni mo ti ń jẹun."

Ìyá mi wò mí. Mo tẹjú mọ́lẹ̀. Kò sọ pé òun rán mi níṣẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ó gba ẹ̀bi náà sọ́rùn.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo abọ́ oúnjẹ tí ìyá mi bá ní kí n gbé lọ fún wọn, wọn á ní, "Mo ti yó." Wọ́n ń yó, wọ́n ń rù. Ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì parí tí a fi sin wọ́n. Òkété kò sì tán.

Lónìí, wọ́n ń ta májèlé eku ní Tákìé bí ẹni ń ta iyọ̀, kò sẹ́ni tó ń rò ó fún ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Aládùúgbò kì í sì í wọ ọgbà ara wọn ní ìdájí mọ́, wọ́n ti mọ odi. Ẹ̀yin ọmọ mi ń kùn pé tí mo bá rán yín níṣẹ́, ẹnu ọ̀nà ni mo ń dúró sí, tí n ó máa bi yín léraléra pé ṣé ẹ jẹ́ ẹ. Ẹ foríjì mí. Títí ìyá mi fi kú, kò bi mí léèrè rí bóyá mo jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ì bá bi mí.