Ọ̀gágun Tí Mo Kọ̀ Láti Pè Ní Ojo

Mo rántí ìgbà tí wọ́n ní kí n dúró níwájú gbogbo ilé ìwé wa ní Ìkòròdú, kí n sọ pé ojo ni ọ̀gágun kan. Ará Faransé ni. Ẹnu tíṣà ìtàn wa ni mo ti gbọ́ nípa rẹ̀: ipò kékeré ló ti bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, ó gòkè di ọ̀gágun, kí àwọn ọ̀tá tó gba ìlú wọn. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní kó juwọ́ sílẹ̀. Ó kọ̀, ó kó àwọn ọmọ ogun díẹ̀ sọdá òkun, ó sì padà wá jà.

Tíṣà yìí kan náà ló kọ ọ̀rọ̀ tí a máa sọ nípa rẹ̀ fún wa, tiwa ni ká há a sórí. Ẹni tó bá sọ ọ́ dáadáa jù ló máa ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ. Ha, mo fẹ́ ipò yẹn! Ẹlẹ́ja ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, torí pé ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí. Àmọ́ lójú tíṣà, sísá ni sísọdá òkun yẹn; ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Nígbà tí ogun le, ọ̀gágun fi ìbẹ̀rù sá lọ."

Ẹ̀yin ò mọ ilé wa. Àwọn baba ńlá wa tẹ̀lé ọba wọn kúrò l'Ékòó wá sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí ogun lé e kúrò lórí oyè. Àlejò kan sọ lọ́jọ́ Iléyá pé ńṣe ni wọ́n sá wá. Ìyá àgbà mi gbé àwo ẹran kúrò níwájú rẹ̀. "Ta ló ń sá tó tún ń ru ìbọn?" ni wọ́n bi í.

Mo lọ bá tíṣà. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀gágun yìí ò sá."

"Ìwọ lo wá mọ̀ ọ́n ju ìwé lọ? Yí ọ̀rọ̀ kan padà, wàá jókòó, ẹlòmíì á gba ipò ẹ."

Lọ́jọ́ tí a máa sọ ọ́ níwájú gbogbo ilé ìwé, ìyá àgbà gbéra láti Ẹ̀pẹ́, wọ́n gba Agbówà wá, wọ́n jókòó síwájú. Nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ yẹn, ẹnu mi kọ̀ ọ́. "Ọ̀gágun ò sá! Ó kó ìbọn, ó kó èèyàn ẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá ti ọkọ̀ wọn gba ojú ọ̀sà, wọ́n ra ẹja yíyan jẹ ní èbúté!" Ọ̀sà kẹ̀! Omi Ẹ̀pẹ́ nìkan ni mo mọ̀, òun náà ni mo gbé fún ọ̀gágun Faransé. Gbogbo ilé ìwé fi mí rẹ́rìn-ín títí.

"Jókòó!" ni tíṣà pariwo. Mi ò jókòó. Mo fi ẹkún sọ ọ́ dé òpin.

Wọ́n fún ẹlòmíì ní ipò náà. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Mo sunkún dé ilé àǹtí mi tí mo ń gbé ní Ìtamàga. Ìyá àgbà ò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá dé, wọ́n gbé odidi àwo ẹran síwájú mi: "Ti ọ̀gágun nìyí."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀gágun náà látìgbà yẹn. Kò sí ọ̀sà níbẹ̀, kò sí ẹja yíyan. Lóṣù tó kọjá, mo rí tíṣà ní gáréèjì Ìkòròdú, wọ́n ti ń tẹ̀pá. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ẹlẹ́ja! Ṣé o ti wá gbà pé ó sá?"

Orí ìkúnlẹ̀ náà ni mo wà. "Ẹ kú àgbà, sà. Kò sá."