Ẹsẹ̀ Mẹ́rin Tí Ọlọ́wọ́-Idán Gbẹ́

Káfíńtà náà fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ọlọ́wọ́-Idán. Kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì máa ń dúró sábẹ́ rẹ̀, ikùn níwájú, pẹ́ńsù létí, bí ẹni pé pẹ́ńsù yẹn ti ṣiṣẹ́ kan rí.

Tábìlì àti àga ẹlẹ́sẹ̀ lílọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí: ẹsẹ̀ igi tó lọ́ bí okùn láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Ẹ̀rọ ò lè ṣe é," ló máa ń wí fáwọn oníbàárà. "Ọwọ́ yìí ni." Á wá na ọwọ́ náà jáde, ọwọ́ tó rọ̀ bíi ti akọ̀wé, láìsí àpá kan.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé, níbi tí oníbàárà kì í dé, ló ti máa ń wé okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yípo igi, á fi pẹ́ńsù tọ ipa rẹ̀, á fi ayùn là á, á sì fi fáìlì họ ọ́ títí yóò fi máa yọ̀. Bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló kọ́ ọ. Ọlọ́wọ́-Idán fẹ́ ọmọ, ó fẹ́ iṣẹ́ bàbá mọ́ ọn.

Lọ́jọ́ tí Ìyá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì, gbé iṣẹ́ tábìlì ìjẹun wá, ìyàwó ní kí ọkọ kọ orúkọ òun náà sára ògiri. Ọkọ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó.

"Orúkọ ta? Ìwọ tó kàn ń bá mi họ igi?"

"Ó dáa. Ẹ máa gbẹ́ ẹ nígbà náà." Ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó gba ilé ìyá rẹ̀ lọ.

Akọni wá gbẹ́ ẹ. Èkíní rí bíi gbòǹgbò tí eku jẹ. Ìkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìdáná. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì lọ́ sọ́tùn-ún, bẹ́ẹ̀ ẹni tó lo oṣù kan péré nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀ pé méjì á lọ́ sọ́tùn-ún, méjì á lọ́ sósì, kí wọ́n lè kọjú síra. Ó da fáníìṣì bò ó, bí ẹni pé fáníìṣì ń wo àìsàn.

Ìyá Nọ́ọ̀sì fi ìka kan ti tábìlì. Tábìlì jó.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gbẹ́ èyí?"

"Èmi ni, mà. Ọwọ́ yìí ni."

"Mo rí i pé ọwọ́ yìí ni. Ta ló ń gbẹ́ àwọn ti tẹ́lẹ̀?"

Ó yọ pẹ́ńsù létí, ó fi tọ́ka sí ẹ̀yìnkùlé tó ṣófo: "Ìyàwó mi ni, mà. Ó ti lọ sílé ìyá rẹ̀."

Ìyá Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló wá obìnrin náà lọ, ó sì gbé igi tuntun dání. Iwájú ilé ìyá rẹ̀ ló ti gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lójú gbogbo àdúgbò. Nígbà tí Ìyá Nọ́ọ̀sì fọwọ́ pa ẹsẹ̀ kẹta tó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, o mọṣẹ́," ìyàwó bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó tíì yìn ín látọjọ́ tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Ibẹ̀ ló ṣí ṣọ́ọ̀bù sí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọkọ dé, ó ní òun ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ o, òun ló dárí jini! Ìyàwó gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ìyàwó wá sọ fún un pé òun ò padà mọ́; bó bá wù ú, kó kó ẹrù rẹ̀ wá.

Ó kó o wá. Ó ń ru pákó láti ojú títì báyìí, ó sì ń ráhùn ẹ̀yìn dídùn fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́.