Àgọ́ Tí A Pa Nílùú Ìyá Mi

Òórùn ewé tútù àti ẹrẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, òórùn etí odò kékeré kan lẹ́yìn Ìsọlọ̀-Òpin, níbi tí èmi àti ìyàwó mi pa àgọ́ wa sí ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan. Ìlọ́fà la ti bẹ̀rẹ̀. A ò kánjú: a ó máa wa ọkọ̀ wa lọ díẹ̀díẹ̀, a ó máa sùn sínú àgọ́ létí odò, títí a ó fi dé Pàtígi, ìlú àtijọ́ tó wà létí Odò Ọya. Ká má purọ́, ìgbafẹ́ nìkan kọ́ ló gbé wa jáde. Oṣù mẹ́rin ṣáájú ìgbà náà ni oyún bàjẹ́ lára ìyàwó mi, a ò sì tíì bá ara wa sọ ọ́. Ó ti sọ fún mi pé bí a bá padà láìsọ ọ́, òun yóò kó ẹrù òun lọ bá àwọn òbí òun.

Àṣìṣe mi ni pé ìlú ìyá mi ni mo lọ pàgọ́ sí. Omi tí a gbé kaná ò tíì hó tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní màmá, fi sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Àgbẹ̀ kan tó ń ti oko bọ̀ ló ti lọ ròyìn wa.

“Ta lo bá jà?” ni màmá bi mí. “Ṣé a ò ní ulé ni?”

Ulé ni wọ́n ń pe ilé níbẹ̀. Ó ní ká ká àgọ́, ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ó ní ó di Sọ́ńdè kí a tó lè lọ, nígbà tí ìjọ bá ti fojú rí wa.

Ilé náà fún mọ́ mi lọ́rùn. Ìyàwó mi ń sùn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, èmi ń sùn ní pálọ̀ lábẹ́ fọ́tò àwọn tó ti kú nínú ẹbí. Àlejò ò dá lẹ́sẹ̀. Wọn á kí wa, wọn á wo ikùn ìyàwó mi, wọn á ní Ọlọ́run yóò fi òmíràn rọ́pò. Ìyá mi ti sọ ọ̀rọ̀ oyún náà fún gbogbo wọn. Ojú tì mí, inú sì ń bí mi. Bí mo bá bọ́ síta láti mí, ẹnìkan á tẹ̀lé mi, á bi mí ibi tí mò ń lọ. Ìyàwó mi ò tilẹ̀ wojú mi mọ́.

Lọ́sàn-án Sátidé, mo rí i pé ó ti lọ jókòó sínú ọkọ̀ wa lábẹ́ igi máńgòrò. Mo wọlé tì í. Gíláàsì ò ṣeé sọ̀ kalẹ̀ láìsí kọ́kọ́rọ́, ooru sì mú gan-an.

“Níbo lo wà lọ́jọ́ náà?” ló bi mí.

“Iwájú ọsibítù. Inú ọkọ̀ yìí. Mo jókòó síbí láti àárọ̀. Ẹ̀rù ló bà mí láti wọlé.”

Ó kọjú sí mi. “Mo rò pé o ò fẹ́ wá ni.” Ó wá bú sẹ́kún. Èmi náà sun ẹkún tí mi ò sun nígbà yẹn.

Nígbà tí mo gbójú sókè, màmá ti gbé àpótí síwájú ọkọ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń bó ẹ̀gúsí. Àwọn obìnrin ìjọ méjì wá béèrè wa.

“Wọ́n ti rìnrìn àjò,” ni màmá wí. “Wọn ò tíì dé.”

Wọ́n wò wá nínú ọkọ̀, wọ́n wo màmá, wọ́n sì yí padà. Gbogbo ẹni tó dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló gbọ́ ohun kan náà.

A ò dé Pàtígi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bínú sí màmá pé ó sé wa mọ́lé, n kò mọ̀ pé òun náà ni yóò jókòó ṣọ́ ẹnu ọ̀nà fún wa. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ bá wúwo nílé wa, ọ̀kan nínú wa á ní, “Jẹ́ ká lọ sí Pàtígi.” A ó sì lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní àgbàlá, kọ́kọ́rọ́ á wà nínú ilé.