Ẹ̀rọ Tó Ń Bi Wá Pé Ilé Ńkọ́

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin adìyẹ ní òórùn tirẹ̀ tí kò jọ ti ibòmíràn. Bí o bá ti kúrò nínú ìgboro Ìwó, tí ọ̀kadà gbé ọ gba ọ̀nà Ilé-Ogbó, kí o tó rí pátákó wa ni wàá ti gbọ́ ọ: òórùn ìyẹ́ tútù, òórùn èèpo ẹyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, àti ti oògùn apakòkòrò tí a fi ń fọ ilẹ̀. Gbogbo rẹ̀ á gbóná pọ̀, á fẹ́ lu èèyàn bí ìgbà tí a ṣí ìdérí ìkòkò. Àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá máa ń fọwọ́ bo imú. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ní tèmi. Títí di òní, tí mo bá kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta òròmọdìyẹ, inú mi á kàn dùn, n óò sì rántí Màmá tí a jọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀, n óò rántí ọkùnrin ará Ilé-Ogbó yẹn, àti bí fóònù ṣe fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Iṣẹ́ mi níbẹ̀ ni pé kí n máa gba òṣìṣẹ́ tuntun, kí n sì máa mójú tó wọn. Gbígbà wọn kò le. Kí wọ́n dúró ló le. Wọ́n á wá láti Olúpọ̀nnà, láti Ilé-Ogbó, láti àwọn agboolé àtijọ́ tó wà nínú Ìwó, pẹ̀lú ọ̀yàyà lójú. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n á ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wádìí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, mo rí i pé ohun tó ń lé wọn kò ju pé kò sẹ́ni tó ń sọ nǹkan fún wọn. Èmi á rò pé ọ̀gá iyàrá ẹ̀rọ ti sọ ọ́, ọ̀gá iyàrá ẹ̀rọ á rò pé èmi ti sọ ọ́. Obìnrin kan wọ sílípáàsì wá síbi iṣẹ́, ó yọ̀ ṣubú lórí ilẹ̀ tútù, ojú tì í, kò padà wá mọ́. Ọkùnrin kan ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ tó ń sàba lórí ẹyin sílẹ̀ gbayawu, ó ní ooru ti pọ̀ jù fún àwọn ẹyin náà, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn díẹ̀. Àánú wọn ló ṣe é. Ariwo tí wọ́n pa mọ́ ọn lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Olúpọ̀nnà. Òun náà lọ.

Ni Alájì tó ni ilé iṣẹ́ bá pè mí. Èèyàn tó máa ń ṣàwàdà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Omi inú agbọ̀n lò ń pọn fún mi. Bí àwọn èèyàn wọ̀nyí ò bá dúró, n óò kó ẹ̀rọ mi lọ sí Ìbàdàn.” Mo kúnlẹ̀, mo ní kó fún mi láyè díẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹ̀rọ bá lọ sí Ìbàdàn, iṣẹ́ gbogbo wa ló bá a lọ.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí yunifásítì. Òun ni mo ké sí. Ó gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le. Bí mo bá ti fi orúkọ òṣìṣẹ́ tuntun àti nọ́ńbà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á máa pe ẹni náà lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, títí iṣẹ́ á fi mọ́ ọn lára. Á sọ iṣẹ́ ọjọ́ kejì fún un, irú bàtà tó máa wọ̀, ibi tó ti máa fọwọ́, ẹni tó máa bi léèrè tí nǹkan bá rú u lójú. Èmi ò ní í gbàgbé mọ́, ọ̀gá iyàrá ẹ̀rọ ò ní í gbàgbé, nítorí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wa. Kìkì ohun tó kù ni ohùn tí a máa gbà sílẹ̀, ohùn èèyàn gidi, ní Yorùbá tó já gaara. Gbogbo wa la fẹnu kò sórí Màmá.

Màmá ló dàgbà jù nínú wa, ó ju Alájì gan-an lọ. Òun ló ń yẹ ẹyin wò: á gbé e síwájú iná, á yí i díẹ̀, á mọ èyí tí ọmọ wà nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. A pa fáànù ọ́fíìsì mi kí ariwo rẹ̀ má baà wọlé, ọ̀gbẹ́ni oníkọ̀ǹpútà gbé nǹkan tó fi ń gba ohùn síwájú rẹ̀, ó ní kó máa sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o,” ni Màmá wí. Ó dákẹ́. Oníkọ̀ǹpútà wo ojú mi. Màmá wá mi orí bí ẹni tó gbọ́ èsì. “Ilé ńkọ́?” Ó tún dákẹ́. “A dúpẹ́ o. Ṣé kò sí nǹkan?” Ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé ìyẹn tún gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. “Ìyẹn náà dáa. Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa.” Lẹ́yìn náà ló tó mẹ́nu ba bàtà rọ́bà.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀,” ni oníkọ̀ǹpútà wí. “Ẹ̀rọ lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.”

“Ẹ̀rọ wo ló nílé tí mo fẹ́ béèrè? Èèyàn ni mò ń kí. Bí mo bá kí èèyàn, ṣé mi ò ní í jẹ́ kó dáhùn ni?”

Oníkọ̀ǹpútà kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tó délé, ó gé gbogbo ibi tí Màmá ti dákẹ́ kúrò. Ìkíni náà wá di wéré-wéré: ẹ-kú-ìrọ̀lẹ́-o-ilé-ńkọ́-a-dúpẹ́-o. Àwọn tó kọ́kọ́ gba ìpè náà wá bá mi lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, “Àǹtí, ta ni ìyá tó ń bá wa jà lórí fóònù yẹn?” Kíá ni a dá ìdákẹ́ Màmá padà síbi tó wà.

Ọ̀rẹ́ mi, ó yẹ kí o rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn. Mo rí òṣìṣẹ́ tuntun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wà lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí, ó ń sọ pé, “A dúpẹ́, mà. Wọ́n wà dáadáa, mà.” Wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa ṣe kí wọ́n tó débi iṣẹ́, wọn kì í wọ sílípáàsì mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀rọ nítorí àánú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé wọ́n ń dúró. Alájì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi ṣàwàdà.

Ìgbà náà ni mo gba ọkùnrin ará Ilé-Ogbó. Ó lágbára, ó sì ní sùúrù, kì í ju nǹkan sílẹ̀ gbàmù. Òun àti ẹnì kan ni mo yàn láti máa gbé pákó ẹyin, àtẹ tí a ń to ẹyin sí nínú ẹ̀rọ, jáde lọ́jọ́ tí òròmọdìyẹ bá pa. Ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ eré. Bí wọ́n bá ti pa, a gbọ́dọ̀ tètè kó wọn jáde, kí a fún wọn lábẹ́rẹ́, kí a kó wọn sínú páálí, nítorí pé àwọn oníbàárà á ti gbé kẹ̀kẹ́ dúró sẹ́nu géètì. Àfi bí ó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ náà tí a kò rí i. Ibà ti dá ẹnì kejì rẹ̀ dúbúlẹ̀ sílé. A pe ará Ilé-Ogbó títí, ó ti pa fóònù rẹ̀.

Ẹnu iṣẹ́ ni Alájì bá wa. Ayẹyẹ ìgbéyàwó nìkáà kan ló ń lọ, ó wọ agbádá funfun tí wọ́n lọ̀ tó ń dán gbinrin, ó kàn ní kí òun yà wò wá ni. Nígbà tó rí i bí àwọn òròmọdìyẹ ṣe ń gun ara wọn lórí, tí èmi àti Màmá ń sáré kiri, ó ká agbádá sí èjìká, ó ki ọwọ́ bọ iṣẹ́. Ó gbé pákó títí òógùn fi bò ó. A kó wọn jáde tán láyọ̀, kò sí èyí tó kú, ṣùgbọ́n nígbà tí Alájì máa fi wo ara rẹ̀, àwọn òròmọdìyẹ ti yàgbẹ́ sí i láti èjìká dé etí agbádá. Kò lọ síbi nìkáà mọ́. Kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, ará Ilé-Ogbó dé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó gbé ọ̀rá ọsàn kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alájì, ó ní, “Ẹ bá mi yọ̀, sà. Ìyàwó mi ti bí.”

Alájì kò yọ̀. “Ta lo sọ fún pé o ò ní wá lánàá?”

“Màmá ni, sà.”

Màmá gbé ẹyin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Èmi kẹ̀?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Ẹ pè mí nírọ̀lẹ́ ìjẹta. Ẹ ní ilé ńkọ́, mo ní ìyàwó mi ti ń rọbí. Ẹ ní ẹ dúpẹ́. Ẹ ní ṣé kò sí nǹkan, mo ní mi ò ní lè wá lọ́la o, nítorí kò sẹ́ni tó máa dúró tì í. Ẹ ní ìyẹn náà dáa, Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa.” Ó wo ojú gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. “Mo ṣe àmín.”

Mo bi í pé, “Ọ̀rọ̀ bàtà rọ́bà àti pákó ẹyin tó tẹ̀ lé e ńkọ́?”

“Mo rò pé wọ́n ń sọ ọ́ sílẹ̀ de ìgbà tí mo bá padà wọṣẹ́ ni.”

“Ṣebí mo sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ni yóò máa pè yín?”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Àǹtí. Ẹ ní kọ̀ǹpútà ló máa pè. Ẹ ò sọ pé òun ló máa sọ̀rọ̀.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè fi ikọ́ bò ó. Alájì ní kò sóhun ẹ̀rín níbẹ̀. Ó ní kí ọkùnrin náà máa lọ sílé, kí n sì sọ fún oníkọ̀ǹpútà kó wá tú nǹkan rẹ̀ kúrò kíákíá. Ará Ilé-Ogbó dìde, kò bẹ̀bẹ̀, ó kàn dúró pẹ̀lú ọsàn rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n bá wí ní èdè tí kò gbọ́. Ọmọ ọjọ́ kan ló wà nílé rẹ̀.

Màmá ló sọ̀rọ̀. “Alájì, ẹ dákun, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Ẹnu mi ló bi í pé ilé ńkọ́. Ó sì dá mi lóhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Etí ni kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá máa lé ẹnì kan, èmi tí mo béèrè ọ̀rọ̀ tí mi ò dúró gbọ́ ni kí ẹ lé.”

Alájì ní, “Agbádá mi ńkọ́, Màmá?”

“Ọṣẹ á mú un, Alájì. Ìgbẹ́ òròmọdìyẹ kì í bá èèyàn kalẹ́.”

Mo rí i tí ètè Alájì ń gbọ̀n. Ó yíjú sí ọkùnrin náà. “Kí ló bí? Akọ ni àbí abo?” Kí ó tó rántí pé kì í ṣe adìyẹ la ń sọ, gbogbo wa ti bú sẹ́rìn-ín, òun gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin ni, wọ́n bí obìnrin. Alájì ní kí ọkùnrin náà lọ wọ bàtà rọ́bà rẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé, “Sọ fún oníkọ̀ǹpútà kó fún ẹ̀rọ yẹn létí.”

Oníkọ̀ǹpútà ṣe é. Láti ìgbà náà, gbogbo ohun tí èèyàn bá sọ níbi tí Màmá ti dákẹ́, kọ̀ǹpútà á gbà á sílẹ̀, á fi ránṣẹ́ sórí fóònù èmi àti Màmá lójú ẹsẹ̀. Ẹnu yà mí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnì kan ní òun ò tíì mọ ibi tí òun lè kírun, ojú sì ń ti òun láti béèrè. Obìnrin kan ní ara ọmọ òun gbóná. Òmíràn ní ẹ̀rù ariwo ẹ̀rọ ń ba òun, òun ò sì fẹ́ káwọn ẹgbẹ́ òun gbọ́. Kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí wọ́n lè wọ ọ́fíìsì wá sọ fún mi lójú kojú. Bí mo bá gbọ́, mo máa ń pe ẹni náà fúnra mi, tàbí kí Màmá pè é.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a kó wọ kẹ̀kẹ́, ó di Ilé-Ogbó. Alájì ti fi àgbò ránṣẹ́ ṣáájú wa. Nígbà tí àwọn ààfáà ṣàdúà tán, ìyá ọmọ gbé ọmọ rẹ̀ wá bá Màmá, ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Màmá, èmi náà gbọ́ ohùn yín lọ́jọ́ náà. Ọkọ mi ṣí fóònù sókè kí n lè gbọ́. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Nígbà tí ẹ ní Ọlọ́run á máa ṣọ́ wa, mo ní ó kéré tán, àgbàlagbà kan ti mọ ohun tó ń ṣe mí.”

Màmá gba ọmọ náà, ó gbé e mọ́ àyà. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ilé rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó wá ní, “Mo ti gbọ́ báyìí, ọmọ mi. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ni.”

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ibòmíràn ni mo ti ń gba òṣìṣẹ́ tuntun, ẹ̀rọ tó já fáfá ju tìgbà náà lọ ni a sì ń lò. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ìkíni lọ́wọ́ wa. Èmi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé ilé iṣẹ́ Alájì, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń bi òṣìṣẹ́ tuntun pé ilé ńkọ́. Iṣẹ́ la máa ń nà sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ bi wọ́n, tolówó tòtòṣì, láìyọ ẹnì kan sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dáhùn, ojú tì wá, a sì wá gbọ́.